Iná Ara Ọkọ̀ àti Ẹ̀mí Èrò Ọ̀nà



Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bí ọba ni ó ń bọ̀, bí ìjòyè ni, bí olówó ìlú ni, ojú kan náà ni òkùnkùn fi ń wo gbogbo wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ó bá ń ti oko bọ̀ lálẹ́ láyé àtijọ́ kì í fi í dákẹ́ rìn. Bí kò bá gbé ògùṣọ̀ tàbí fìtílà lọ́wọ́, yóò máa wúkọ́, tàbí kí ó máa kọrin, kí ẹni tí ń bọ̀ níwájú lè mọ̀ pé ènìyàn ni, pé kì í ṣe ẹranko tàbí ọ̀tá. Bí ẹnì kan bá sì béèrè pé, "Ta nìyẹn?", kíákíá ni yóò fèsì, nítorí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ara ọkọ̀, èyí tí ètò ti alẹ́ òní dá lé lórí, kò jìnnà sí èyí. Iṣẹ́ méjì ni iná ń ṣe lára ọkọ̀. Èkíní ni pé ó ń jẹ́ kí awakọ̀ ríran. Èkejì ni pé ó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ọkọ̀ náà, kí ó sì mọ ohun tí awakọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó mọ iṣẹ́ èkíní dunjú. Bí iná iwájú bá kú lónìí, wọn yóò ti wá rìwáyà kàn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, nítorí pé àwọn gan-an ni ó ń ni lára. Ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn lè kú fún oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iná ẹ̀yìn yìí gan-an ni ó ń dáhùn nígbà tí òkùnkùn bá béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

Bí a bá yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan, a ó rí i pé gbogbo iná tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ní ipò àti àwọ̀ tirẹ̀. Iná ńlá méjì wà ní iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Iná kéékèèké tí a ń tàn nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní páákì láìtì, wà nítòsí wọn. Ní ẹ̀yìn, iná pupa méjì ni ó ń tàn níwọ̀n ìgbà tí iná iwájú bá ti wà ní títàn. Iná bíréèkì náà pupa, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lásán lọ, ìgbà tí awakọ̀ bá sì fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì nìkan ni ó ń tàn. Iná funfun ti rìfáàsì ń sọ pé ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn. Tráfíkétọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tí ó pọ́n, wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iná kékeré kan ń tàn sí nọ́ńbà ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, gíláàsì pupa kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò ní gílóòbù nínú rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ tí ń bọ̀ padà sí i, kódà bí ọkọ̀ tí ó dúró bá wà ní pípa.

Ìtumọ̀ àwọn àwọ̀ wọ̀nyí kò le. Ẹni tí ó bá rí iná funfun méjì lọ́ọ̀ọ́kán mọ̀ pé ọkọ̀ ń dojú kọ òun. Ẹni tí ó bá rí pupa méjì mọ̀ pé ọkọ̀ kọ ẹ̀yìn sí òun. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó bá so iná pupa mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́, tàbí tí ó so iná funfun ńlá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, irọ́ ni ó ń pa fún gbogbo ẹni tí ó bá pàdé. Bákan náà ni ọkọ̀ olójú kan. Iná kan ṣoṣo lójú ọ̀nà lóru, alùpùpù ni a máa ń rò pé ó jẹ́. Awakọ̀ tí ó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ yóò fi àyè alùpùpù sílẹ̀ fún un, àṣé ọkọ̀ akẹ́rù tí iná rẹ̀ kan ti kú ni ó ń bọ̀.

Báwo wá ni àwọn iná wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́? Bátìrì ni orísun wọn. Bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ fóltì 12. Ti ọ̀pọ̀ tírélà àti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá jẹ́ fóltì 24, ìdí sì nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi gílóòbù ọ̀kan sínú èkejì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, álítánétọ̀ ni ó ń bọ́ bátìrì, òun náà ni ó sì ń bọ́ iná. Nínú ọkọ̀ kékeré, agbára rẹ̀ a máa wà láàárín fóltì 13.5 sí 14.5. Láti inú bátìrì ni mànàmáná ti ń gba inú wáyà lọ sí fíúsì, láti fíúsì sí súwíìṣì tàbí rìléè, kí ó tó dé inú gílóòbù. Ìrìn rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì, irin ara ọkọ̀ ni ó sì ń gbà padà. Ibi tí a ti de wáyà mọ́ irin yìí ni àwọn rìwáyà ń pè ní áàtì. Mànàmáná dà bí ìránṣẹ́ tí kì í jáde nílé àfi bí ó bá dá a lójú pé ọ̀nà àbọ̀ ṣí sílẹ̀. Bí áàtì bá ti dípẹtà, gílóòbù tuntun kò lè tàn dáadáa, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó lọ́jà.

Fíúsì ni oníbodè ojú ọ̀nà yìí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè já nígbà tí agbára tí ń kọjá bá ju èyí tí wáyà lè gbà lọ. Ó ń kú kí ọkọ̀ má baà jóná. Rìléè ní tirẹ̀ dà bí alágbàṣe tí ó lágbára: súwíìṣì kékeré tí ọwọ́ awakọ̀ ń tẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún un, òun ni ó sì ń ru ẹrù. Gílóòbù iwájú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55 ń gba nǹkan bí ámpíà 9 láti inú bátìrì fóltì 12. Bí gbogbo èyí bá ń gba inú súwíìṣì kékeré kọjá lójoojúmọ́, súwíìṣì náà yóò gbóná títí yóò fi bàjẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mànàmáná. Fìtílà elépo àti ti gáàsì acetylene ni àwọn ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ń lò, awakọ̀ a sì sọ̀kalẹ̀ láti ṣáná sí wọn. Ní ọdún 1912 ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ tí mànàmáná ń ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí ó sì ń tan iná rẹ̀ pẹ̀lú. Okùn tín-ín-rín kan ni ó ń tàn nínú gílóòbù. Irin tungsten ni a fi ń ṣe okùn náà, nítorí pé irin yìí kò ní yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí dígírì 3,400. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ó ti ń gbóná ni ó ń tú díẹ̀díẹ̀, tí èyí tí ó tú yóò sì lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì, tí gílóòbù yóò fi dúdú. Ní ọdún 1962, àwọn olùṣe iná ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù mú gílóòbù halogen jáde. Gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀ ń gba tungsten tí ó bá tú, ó sì ń dá a padà sí ara okùn, nípa bẹ́ẹ̀ gíláàsì ń mọ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Gílóòbù H4, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1971, ní okùn méjì nínú: wáàtì 60 fún iná gíga tí àwọn awakọ̀ ń pè ní fúùlù, wáàtì 55 fún iná ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dímù. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú ọ̀nà wa ń lò ó. Iná xenon bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, iná LED sì tẹ̀ lé e.

Iná LED kò ní okùn tí yóò kọ́kọ́ gbóná kí ó tó tàn. Fún ìdí èyí, iná bíréèkì tí ó jẹ́ LED ń tètè tàn ju ti olókùn lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó lè dà bí ẹni pé èyí kéré. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ju mítà 5 lọ, ìyẹn sì gùn ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lọ.

Nípa fúùlù àti dímù, iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Fúùlù ń lọ tààrà sí ọ̀nà jíjìn, ìgbà tí kò bá sí ẹnìkan níwájú ni a ń lò ó. Dímù ń rọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, kí ó má baà wọ ojú ẹni tí ń bọ̀. Inú gílóòbù H4 ni ọgbọ́n yìí wà: àwo irin kékeré kan wà lábẹ́ okùn dímù tí ó ń dí apá kan ìmọ́lẹ̀, tí èyí tí ó kù fi ń forí lé ilẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ìlà òkè ìmọ́lẹ̀ náà kò tẹ́jú láti òsì dé ọ̀tún. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ ń gòkè díẹ̀ ní apá ọ̀tún, kí awakọ̀ lè rí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà. Ó sì wà nílẹ̀ ní apá òsì, níbi tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ayé àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí i padà sí ọ̀tún, kí ó lè bá ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jàpáànù, òsì ni wọ́n ṣì ń tọ̀. Nígbà tí a bá ra iná iwájú tòkunbọ̀ tí a tú lára ọkọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, tí a sì gbé e sí ara ọkọ̀ wa, apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ti máa gòkè. Awakọ̀ rẹ̀ lè ti rọ iná sílẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó sì rò pé òun ti ṣe ẹ̀tọ́, síbẹ̀ ojú ẹni tí ń bọ̀ ni yóò máa fọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú iná bẹ́ẹ̀, kí ó tàn án sí ara ògiri kí ó tó sanwó. Bí ìlà ìmọ́lẹ̀ bá gòkè ní ọ̀tún, ó bá ọ̀nà wa mu. Bí ó bá gòkè ní òsì, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Bí a bá kúrò lórí rírí, a ó kan sísọ. Tráfíkétọ̀ ń tàn, ó ń kú, láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ojú má baà fò ó. Ohun tí ó ń sọ ni pé, "Mo fẹ́ yà." Ó yẹ kí ó sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó yà, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ ti ń yà tán. Bí a bá tan tráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Ìdíwọ́ ni mo jẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ra." Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní ilẹ̀ wa ni ó ń tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ la oríta kọjá tààrà, tàbí nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí ọkọ̀ sì ń sáré lọ. Àṣà yìí kò dára. Ẹni tí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà lè má rí ju tráfíkétọ̀ kan lọ, yóò sì gbà pé ọkọ̀ fẹ́ yà sí ọ̀dọ̀ òun. Bí awakọ̀ náà bá sì fẹ́ yà ní tòótọ́, kò sí ohùn mìíràn tí ó kù fún un láti fi sọ ọ́. Nínú òjò, dímù àti iná ẹ̀yìn ni ó yẹ kí a tàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn awakọ̀ tírélà tí wọ́n ń fi tráfíkétọ̀ bá àwọn ará ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Ẹnìkan a tan ti ọ̀tún láti fi sọ pé, "Ọ̀nà mọ́, máa kọjá lọ". Ẹlòmíràn a tan èyí kan náà nítorí pé ó fẹ́ yà sí ọ̀tún. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti ní ìtumọ̀ méjì, tí kò sì sí àyè láti béèrè pé kí ni ẹni náà ní lọ́kàn, ẹni tí ó gbọ́ ọ ni yóò jìyà rẹ̀. Kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀nà mọ́ kí ó tó kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá di ọ̀rọ̀ ikú ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà lóru. Ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978, àti ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà mìíràn, kò ṣàjèjì kí tírélà dá dúró sí ojú ọ̀nà gan-an láìsí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ wò. Ìmọ́lẹ̀ dímù kì í sábà jẹ́ kí awakọ̀ rí ohun dúdú tí kò ní iná ju nǹkan bí mítà 50 sí 60 lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣírò rẹ̀, ọkọ̀ kékeré tí ó ń sá bíi kìlómítà 80 ní wákàtí kan nílò mítà 53 kí ó tó lè dúró. Bí ó bá ń sá kìlómítà 96, mítà 73 ni yóò gbà á, ní ọ̀nà tí ó gbẹ, pẹ̀lú bíréèkì tí ó dára. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ń sá kìlómítà 96 lórí dímù kò lè dúró mọ́ nígbà tí ó bá fi máa rí ẹ̀yìn tírélà náà. Kì í ṣe pé ó sùn, kì í ṣe pé ó mutí. Àyè tí ó kù kò tó ni. Iná pupa kékeré méjì, tí gílóòbù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju wáàtì 5 lọ, ì bá ti jẹ́ kí ó rí tírélà náà láti ọ̀nà jíjìn réré.

Ewé tútù tí àwọn awakọ̀ máa ń já sójú ọ̀nà jẹ́ àrokò tí gbogbo wa mọ̀ ní ọ̀sán. Lóru, ewé kì í tàn. Ohun tí ó yẹ ni pé kí awakọ̀ tan tráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì gbé sí-kọ́ṣọ̀nù, àmì onígun mẹ́ta tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní nǹkan bí mítà 50, kí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní márosẹ̀. Kí àwọn èrò kúrò nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí etí ọ̀nà. Ẹni tí ó gbé sí-kọ́ṣọ̀nù tì sí ẹsẹ̀ táyà ẹ̀yìn kò tíì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó kù kí á sọ bí a ṣe ń tọ́jú iná wọ̀nyí. Àyẹ̀wò ni ìpìlẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí awakọ̀ tan gbogbo iná, kí ó sì yí ọkọ̀ po. Fún iná bíréèkì, kí ó pe ẹnìkan láti dúró sẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹnìkan, kí ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri, kí ó sì wo dígí bóyá ògiri pọ́n nígbà tí ó bá tẹ bíréèkì. Bí tráfíkétọ̀ apá kan bá ń ṣẹ́jú kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù kan ní apá náà ni ó ti kú.

Bí iná bá kọ̀ láti tàn, kí a ronú kí a tó ra ohunkóhun. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kú, gílóòbù rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì tàbí rìléè ni kí a fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé ti bíréèkì ni, kí a wo súwíìṣì kékeré tí ó wà lókè ẹsẹ̀ bíréèkì. Bí a bá tẹ bíréèkì tí tráfíkétọ̀ sì ń tàn bàìbàì pẹ̀lú rẹ̀, áàtì ni ó bàjẹ́: mànàmáná kò rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà padà, ó wá ń gba ilé aládùúgbò. Kí a tú u, kí a fi pépà oníyanrìn ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò títí irin yóò fi dán, kí a sì dè é padà kí ó le. Bí gílóòbù bá ń jó lemọ́lemọ́ nínú ọkọ̀ fóltì 12, kí a wọn agbára álítánétọ̀. Bí ó bá ti kọjá fóltì 15, ibẹ̀ ni àrùn wà.

Ní ti fíúsì, iye tí olùṣe ọkọ̀ kọ ni kí a fi sí i. Nínú fíúsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó wọ́pọ̀, pupa jẹ́ ámpíà 10, búlúù jẹ́ 15, yẹ́lò jẹ́ 20. Ẹni tí ó bá fi wáyà lásán tàbí bébà inú páálí sìgá dí ojú fíúsì ti lé oníbodè kúrò. Ní ọjọ́ tí wáyà bá gbo ara, ọkọ̀ ni yóò jó dípò fíúsì.

Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù halogen, kí a pa iná, kí a jẹ́ kí ó tutù. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀, nítorí pé epo ara ọwọ́ yóò mú kí ojú kan gbóná ju ojú kejì lọ, gílóòbù yóò sì tètè bàjẹ́. Bí ọwọ́ bá kàn án, kí a fi aṣọ tí ó mọ́ àti sípíríìtì nù ún. Ó dára kí a pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. Gílóòbù ẹ̀yìn tí ó ní okùn méjì, wáàtì 21 fún bíréèkì àti 5 fún iná ẹ̀yìn, ní ìkọ́ méjì lára tí gíga wọn kò dọ́gba. Ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí ó má baà wọlé sódì; ẹni tí ó bá fi tipátipá tì í wọlé yóò mú kí iná bíréèkì máa tàn bàìbàì. Kí a má sì fi gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú sínú iná tí a ṣe fún halogen. Ojú ibi tí okùn wà ni a fi ṣe ìwọ̀n àwo dídán inú rẹ̀. Bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde bá yẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri, ojú àwọn tí ń bọ̀ ni yóò sì wọ̀.

Ike tí ó bo iná iwájú ọkọ̀ òde òní a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí oòrùn ilẹ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní lè jáde dáadáa mọ́. Kí a fi pépà oníyanrìn tí ó kúnná àti omi fá a, kí a fi oògùn ìdán dán an, kí a sì fi ọ̀dà tí ń dènà oòrùn bò ó. Lẹ́yìn èyí, kí a wọn ojú iná. Kí ọkọ̀ dúró ní ilẹ̀ títẹ́jú, ní mítà 10 sí ògiri, kí atẹ́gùn táyà pé, kí ẹrù má sì pọ̀ ní ẹ̀yìn, nítorí pé ẹrù ẹ̀yìn ń gbé imú ọkọ̀ sókè. Ìlà òkè dímù gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ sí ibi tí àárín iná fúnra rẹ̀ wà. Ní ti tírélà, kí awakọ̀ rántí okùn wáyà tí ó so orí ọkọ̀ mọ́ ẹrù. Eruku àti omi ń ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá sì dé ojú rẹ̀, gbogbo iná iwájú lè máa tàn yòò kí ẹ̀yìn ṣókùnkùn biribiri.

Ta ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká? Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ní àṣẹ láti mú ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo ọ̀nà ní gbogbo òru. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi owó gílóòbù sílẹ̀ fún awakọ̀, kí ó má sì kà á sí ìnákúnàá. Àwọn alága gáréèjì lè pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má jáde lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan ti dúró sẹ́yìn rẹ̀ wo iná. Èrò náà ní ẹnu. Kí ó tó wọlé jókòó, kí ó yí ojú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tí yóò gbé e. Bí ó bá rí i pé iná rẹ̀ kú, kí ó sọ fún awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé awakọ̀ lè má mọ̀.

Wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú ọkọ̀ pọ̀ ju ti alákàn lọ, iwájú àti ẹ̀yìn ni wọ́n sì wà. Kí ẹni tí ó bá ní ìrìn àjò lọ́la ní kùtùkùtù tàbí lálẹ́ jáde lọ wo ti ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó sùn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.